Etí Ọmọ Tí Wọ́n Ní Ara Rẹ̀ Ti Yá

Ìgbọ́ràn etí méjèèjì ni ọmọ àbúrò mi pàdánù. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn ìwòsàn ni mo fẹ́ sọ. Ní abúlé Ìrókò tí wọ́n bí i sí, òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan ni ó máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn láàárọ̀, nítorí ẹ̀yìnkùlé àbúrò mi obìnrin gan-an ni wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe gàrí. Síbẹ̀, nínú gbogbo òórùn yẹn, bí àbúrò mi bá ti jí, yóò gbé orí ọmọ náà lé itan, yóò sì fi imú kan etí rẹ̀, ọ̀tún kí ó tó kan òsì. Bí etí náà bá ń rùn, ó mọ̀ pé àìsàn kò tíì lọ. Òdiwọ̀n tirẹ̀ nìyẹn.

Àìsàn àjogúnbá ni, ó sì ṣọ̀wọ́n púpọ̀: ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò ní ohun tí ẹ̀jẹ̀ tèmi tìrẹ fi ń lé àrùn jáde. Obìnrin ní í gbé e, ọmọkùnrin ní í jẹ níyà. Ìyá kan náà ni ó bí èmi àti àbúrò mi yìí. Èmi bọ́, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí ó tẹ̀ lé mi kò bọ́, kò sì pẹ́ láyé. Nítorí náà, nígbà tí ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìgboro gbà láti máa fa oògùn sí ọmọ wa lára lóṣooṣù lọ́fẹ̀ẹ́, ìyá wa bú sẹ́kún, wọ́n ní èyí tí àwọn ti sin tó àwọn.

Oògùn náà dára. N kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Bí wọ́n bá fà á sí i lára lónìí, ara rẹ̀ á le, lẹ́yìn náà ni yóò máa dín kù díẹ̀díẹ̀ títí oṣù yóò fi yí po. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ yóò gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ fún àyẹ̀wò kí oògùn tuntun tó wọlé, kí ó lè mọ̀ bóyá èyí tí ó ṣẹ́ kù ṣì tó dáàbò bo ọmọ. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dúró kí dírípù tán ná kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ náà, nítorí pé abẹ́rẹ́ ti wà lápá rẹ̀, ó sì rọrùn fún wọn. Ta ni ń wọn odò lẹ́yìn òjò ńlá, tí yóò wá kéde pé ọ̀gbẹlẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀?

Nígbàkígbà tí àbúrò mi bá sọ pé etí ń rùn, dókítà àgbà tí ó wà nídìí ètò náà á na èsì ẹ̀jẹ̀ sí i pé gbogbo rẹ̀ ló dára. Nígbà tí ó sọ pé ọmọ kì í dá òun lóhùn dáadáa mọ́, wọ́n ní oríkunkun ni. Mo bá a lọ lọ́jọ́ kan, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ṣáájú oògùn. Dókítà bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní olùkọ́ ni mí.

"Tíṣà," ni ó wí, "a ti fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ fún yín, ẹ̀yin náà ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún wa."

Àwọn nọ́ọ̀sì bá a rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó ṣe, wọ́n pè wá síbi ayẹyẹ. Àwọn tí ó ń fowó ra oògùn náà wá láti òkè òkun láti wá wo ohun tí owó wọn ṣe. Wọ́n mú ọmọ wa dúró níwájú gbọ̀ngàn nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tuntun, dókítà sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ẹ̀rí àṣeyọrí àwọn nìyí. Ó wá pe orúkọ ọmọ náà kí ó yíjú padà, kí wọ́n lè ya àwòrán àwọn méjèèjì. Ọmọ kò mira. Fáànù tí ń yí lókè ni ó ń wò. Dókítà tún un pè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ojú ń ti ọmọ.

Àbúrò mi dìde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Kò pariwo rárá.

"Ẹ tún un pè, dókítà. Ṣebí ẹ ní ara rẹ̀ ti yá."

Ó rìn lọ síwájú, ó fọwọ́ kan èjìká ọmọ rẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọ yíjú padà, ó rí ìyá rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

A kò padà síbẹ̀ mọ́. Dókítà obìnrin kan ní ìlú mìíràn gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó fa ohunkóhun sí i lára, oògùn tí ó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kò sì tó dáàbò bo ọmọ. Ó fi kún oògùn náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò mi fi imú kan etí ọmọ, kò gbọ́ òórùn kankan àyàfi ti ẹ̀gẹ́. Etí ti gbẹ, ṣùgbọ́n ìgbọ́ràn kò padà. Ẹnu ènìyàn ni ó ń wò báyìí kí ó tó mọ ohun tí a sọ.

Àwọn àgbà ìjọ wa gbà wá nímọ̀ràn pé kí a fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. A ti fi ọmọ lé E lọ́wọ́. Ìbéèrè ni n kò fi lé E lọ́wọ́, nítorí kì í ṣe Òun ni ó ń gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oògùn. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́ mi ni pé ẹni tí ó bá yan òdiwọ̀n ti yan ìdáhùn, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi ní dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ètò náà, ta ni ó pàṣẹ pé kí ẹ máa wọn odò lẹ́yìn òjò? Àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ yín, ìgbà wo ni ẹ ń gba ẹ̀jẹ̀ tiwọn? Ẹ jáde síta gbangba, kí ẹ dáhùn. Ọmọ wa kò ní gbọ́ ohùn yín, ṣùgbọ́n yóò wà níbẹ̀, yóò máa wo ẹnu yín.