Mo Kẹ̀yìn sí Àpótí

Láyé tí owó epo ń ṣàn ní Warri, tí mọ́tò tuntun kún ojú títì débi pé ẹlẹ́sẹ̀ kò mọ ibi tí yóò gbà, agùnbánirọ̀ ni mí nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan. Wọ́n ní kí n máa kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Mo ti kàwé gboyè nípa eré ìdárayá, síbẹ̀ àyà mi máa ń já kí n tó fọn fèrè. Kì í ṣe àwọn ọmọ náà ni mò ń bẹ̀rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ìmọ̀ mi lè ṣe wọ́n léṣe.

A kò ní irinṣẹ́ gidi. Àárín táyà ọkọ̀ ńlá tó ti gbó, tí a tò sílẹ̀, ni wọ́n ń sá gbà, ẹsẹ̀ kan síhìn-ín, ẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún, kí ara wọn lè yá. Àpótí pákó tí wọ́n fi kó ẹ̀rọ wá láti òkè òkun la fi ń kọ́ fífò: ọmọ á gùn ún, á bọ́ sílẹ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan sìmẹ́ǹtì báyìí, á ta sókè bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀.

Èyí tó ga jù nínú wọn, ọmọ oníṣòwò ará Ọ̀yọ́ kan tó ń ta aṣọ ní àdúgbò Okere, fẹsẹ̀ rọ́ nídìí àpótí yìí. Nọ́ọ̀sì tẹ ẹsẹ̀ náà wò nígbà tó yá, ó ní ó ti san. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti gun àpótí, á kàn dúró, á máa wo ilẹ̀ bí ẹni ń wo inú kànga. Ọjọ́ Sátidé la ó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Bìní. Ọ̀gá eré ìdárayá sọ pé bí kò bá lè fò títí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíràn ni yóò wọ mọ́tò dípò rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́.

Èmi ń bá a sọ̀rọ̀ ṣáá. Mo sọ fún un pé ẹ̀rù kì í ṣe ohun ìtìjú, pé ẹ̀rù ń ba èmi náà, pé ara máa ń rántí ìrora nígbà tí egungun ti gbàgbé. Mo gbà pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo tún bẹ̀rẹ̀.

"Aunty don start sermon," ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wí lórí táyà tó jókòó lé.

"Long Madam, you wan sleep for up there?" òmíràn fi kún un.

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé wọn, ṣùgbọ́n Pijin ló fi máa ń dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá ló sọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fọwọ́ wá nǹkan nínú àpò.

"Àntí, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rù yẹn tún ń pọ̀ sí i. Ẹ kẹ̀yìn sí mi."

Ó dùn mí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ni mo fi ń gbé e ró. Mi ò mọ̀ pé òun ló ń dì í mú lẹ́sẹ̀. Mo kọjú sí ògiri kíláàsì.

Mo ti kọ́ wọn pé ẹni tó mọ̀ ọ́n fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún bó bá balẹ̀. Orúnkún ni kó fi gba ìwúwo ara, kì í ṣe gìgísẹ̀. Nítorí náà mo dúró, mi ò gbọ́ nǹkan kan, mi ò sì mọ̀ bóyá ó ti fò dáadáa ni, tàbí ó ṣì wà lókè. Ọrùn mi fẹ́ yí fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Bí mo bá yíjú, tó sì jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bọ́ sílẹ̀, mo ti fi ojú mi gba Bìní lọ́wọ́ rẹ̀. Mo di ọwọ́ mi méjèèjì pọ̀. Àwọn tó wà lórí táyà náà dákẹ́, ìyẹn gan-an ló já mi láyà jù.

"Aunty, I don land since," ohùn rẹ̀ wí lẹ́yìn mi. "Wetin you dey find for wall?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo yíjú. Orí sìmẹ́ǹtì ló wà, orúnkún rẹ̀ ṣì tẹ̀ díẹ̀, òógùn bo ètè òkè rẹ̀. Mo lanu. Ó gbọ́wọ́ sókè láti dá mi dúró, ó tún gun àpótí.

"Ẹ lè máa wò báyìí," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má sọ̀rọ̀ o."