Ohun Tí Ogun Tútù Gbà Lọ́wọ́ Ọláníran

Kì í rọrùn láti bá Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kí i ní Festac pé, "Ẹ káàárọ̀, sà, ṣé ẹ ń jáde ni?" á wò yín tokè-tilẹ̀, á ní, "Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ mọ̀?" Ẹnjiníà ìjọba àpapọ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Margaret, ìyàwó rẹ̀, máa ń sọ pé bí ọkọ òun bá rí òjìji ara rẹ̀, á bi í pé ta ló rán an.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Àdúràolúwa, ọmọ ilé kejì tó wà ní yunifásítì, wọlé wá kúnlẹ̀ kí i. Ó ní òun fẹ́ kí bàbá sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí wọ́n kàwé ní Mọ́síkò, olú-ìlú Rọ́ṣíà.

"Ta ló sọ fún ọ pé mo kàwé níbẹ̀?"

"Mọ́mì mi ni, sà. Ogun Tútù ni wọ́n ní ká kọ nípa rẹ̀ ní kíláàsì wa."

"Pa fóònù yẹn ná."

Ọmọ náà pa á. Bàbá dìde, ó ti fèrèsé, kó tó tún jókòó.

"Lẹ́yìn ogun Hítílà," ó bẹ̀rẹ̀, "Amẹ́ríkà ní kí olówó ṣòwò rẹ̀, kó jèrè rẹ̀. Rọ́ṣíà ní ìjọba ni kó ni ilẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ lórúkọ àwọn òṣìṣẹ́. Kálukú fẹ́ kí ayé tẹ̀lé òun. Àwọn méjèèjì kó bọ́ǹbù jọ débi pé ẹni tó bá kọ́kọ́ jù ú, òun náà á kú. Ni wọ́n bá lọ ń jà nílé onílé. Ní Àǹgólà, wọ́n kó ìbọn fún tẹ̀gbọ́n tàbúrò, wọ́n wá fẹ̀yìn tì, wọ́n ń wòran."

"Nàìjíríà ńkọ́, sà?"

"A ní a ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sì dúró láàárín, ọ̀tún á fura sí i, òsì á fura sí i."

Ohun tí kò sọ ló ń jó o nínú. Òun àti Seth, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ girama, ni ìjọba jọ rán lọ sí Mọ́síkò nígbà èwe wọn. Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn. Ìrọ̀lẹ́ kan tí yìnyín ń bọ́, ó sọ fún Seth pé ìlú tí tálákà ti ń gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ ní ohun tó yẹ ká kọ́ níbẹ̀. Seth nìkan ló gbọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n padà dé Èkó, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pè é wọ yàrá kan, wọ́n ka gbólóhùn náà sí i létí bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

"Ọ̀rẹ́ rẹ ti jẹ́wọ́ fún wa," ni wọ́n wí. Wọ́n ní ó ti di Kọ́múníìsì, ọmọlẹ́yìn Rọ́ṣíà.

Látìgbà náà, àwọn tó bá a lẹ́nu iṣẹ́ ń kọjá lọ sókè, òun dúró sójú kan. Kò bá Seth sọ̀rọ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Raji Rasaki Estate níbí ni Seth ń gbé.

"Grandpa Seth, tí mo kọ́kọ́ lọ bi ní Raji Rasaki, náà kọ̀ láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀, sà," Àdúràolúwa wí. "Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan ló ta àwọn fún ìjọba."

Bàbá fò dìde. "Àṣé Seth ló rán ọ wá!"

Ọmọ náà mú báàgì rẹ̀, ó ń sunkún jáde lọ. Margaret yọ láti ilé ìdáná.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, ọmọ tí a bá wọn sọ lórúkọ lẹ ń pè ní amí? Bí Seth bá ní ẹ̀yin lẹ ta òun, ta ló wá ta yín?"

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kejì, ó gba Raji Rasaki lọ. Seth ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í.

"Kí lo wá wò?"

"Kí ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sọ fún ọ nínú yàrá yẹn?"

Seth wo ọ̀tún, ó wo òsì, kó tó jẹ́ kó wọlé. "Wọ́n ní ọ̀rẹ́ mi ti jẹ́wọ́. Wọ́n ka èsì tí mo fún ọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yìnyín yẹn sí mi létí. Ṣé ìwọ kọ́ ni?"

"Èmi kọ́. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi kọ́."

Seth fa àga kan fún un.

"Ògiri yàrá wa ní Mọ́síkò fẹ́lẹ́," Seth wí. "Ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Àwọn méjèèjì kò rántí orúkọ ẹni náà.

Àwòrán Juliana, ìyàwó Seth, wà lára ògiri. Obìnrin yìí ló máa ń se oúnjẹ fún àwọn méjèèjì kí wọ́n tó lọ sí Mọ́síkò, nígbà tí Ọláníran kò tíì gbéyàwó. Ní ọjà Agboju ni Ọláníran ti gbọ́ ikú rẹ̀, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

"Mo gbọ́," ó wí. "N ò wá."

"Mo mọ̀. Ọ̀nà ẹ ni mò ń wò títí wọ́n fi fi erùpẹ̀ bò ó."

Ojú ti Ọláníran. Ó di ọwọ́ Seth mú.

Nílé, Margaret bi í pé, "Ṣé ẹ gbà á gbọ́?"

"Mo gbà á gbọ́." Ó gbé omi mu. "Àmọ́ kí ló dé tó ń wolẹ̀ nígbà tó ń sọ pé òun kọ́?"

"Ẹ̀yin náà ń wolẹ̀ báyìí."

Ó lọ bẹ Àdúràolúwa nílé wọn. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Seth wá jẹ ìrẹsì ní Festac, ọ̀rọ̀ Juliana ni wọ́n sì ń sọ títí ilẹ̀ fi ṣú.