Linux Tí Ojú Tì Mí Láti Yàn

Kọ̀ǹpútà alágbèéká àkọ́kọ́ tí mo ní wúwo bí odidi iṣu méjì, bí ó bá sì ti ṣiṣẹ́ tó wákàtí kan, gbogbo yàrá mi ní Moniya á máa rùn bíi rọ́bà tó ń jó. Òyìnbó kan tó ń ṣèwádìí nípa ohun ọ̀gbìn ló fi ta ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ́rẹ nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì gbé e fún mi. Lọ́jọ́ tí mo gbà á, mo gbé e gba àárín ọjà kọjá láìfi nǹkan kan bò ó, kí ayé lè rí mi. Ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun ti ń kanlẹ̀kùn nígbà náà, ẹni tó bá sì ní kọ̀ǹpútà ládùúgbò wa, iyì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé.

Tíṣà ni mí. Láàárọ̀, mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Moniya. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìrókò láti kọ́ àwọn ìyá mẹ́rìndínlógún ní ìwé kíkà. Àgbẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn, àwọn yòókù ń din gàárì. Ìwé tí wọ́n fún wa, lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí, ojú àwọn ìyá náà kò sì gbé e. Lọ́jọ́ kan, alábòójútó ètò ẹ̀kọ́ àgbà wá, ó ní kíláàsì tí kò bá ní ìwé tó ṣeé kà kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, àwọn yóò tì í pa, àwọn yóò sì dà á pọ̀ mọ́ ti Moniya. Gbogbo wa ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ta ni yóò kúrò nídìí agbada gàárì tí yóò wọ ọkọ̀ wá sí Moniya nítorí a-b-d? Ibẹ̀ ni mo ti la ẹnu: mo ní mo ní kọ̀ǹpútà, èmi fúnra mi ni yóò tẹ ìwé onílẹ́tà gbàgbà fún wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jó. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìdí ni pé nígbà tí mo délé tí mo tan ẹ̀rọ náà, kò jí. Mo ti gba fílópì, àwo pẹlẹbẹ tí a ń kó iṣẹ́ sí nígbà náà, lọ́wọ́ oríṣiríṣi ènìyàn, mo sì ń tì wọ́n bọ̀ ọ́ lẹ́nu, fáírọ́ọ̀sì sì ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, wá wò ó, ó mi orí. Ó ní ohun kan wà tó ń jẹ́ Linux, tó lè gba ipò ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, èyí tó ti kú, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó kó oríṣi mẹ́ta wá fún mi nínú síídì. Mo bi í pé kí ló dé tí ohun kan ṣoṣo fi jẹ́ mẹ́ta. Ó ní ẹ̀gẹ́ kan náà kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe gàárì, tí wọ́n fi ń ṣe láfún, tí wọ́n fi ń ṣe fùfú? Ó ní bí Linux náà ṣe rí nìyẹn, ọwọ́ tó ṣe é ló yàtọ̀. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ síídì mẹ́rin, ó ní ẹ̀rọ àtijọ́ bíi tèmi kò lè gbé e. Èkejì, onípáálí dúdú, ó ní ti àwọn tó ti mọ̀ ọ́n dunjú ni. Ẹ̀kẹta fúyẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló wà fún.

“Èyí ni tìẹ,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Inú bí mi. Èmi, odidi tíṣà! Mo dúró kó lọ tán, mo gbé ti inú páálí dúdú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá a jà. Ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi pín inú ẹ̀rọ sí yàrá-yàrá, mo pín in, mo sì pàdánù yàrá kan. Ó béèrè nọ́ńbà kan nípa ojú ẹ̀rọ náà, ìwé tó bá a wá sì kìlọ̀ pé bí mo bá ṣì í kọ, ojú náà lè bàjẹ́ pátápátá. Mo kọ ọ́, mo fò sẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà, mo ń yọjú wo bóyá iná ti sọ. Kò sọ, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri, ìlà kékeré kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú sí mi. Mo lè béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi o, abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n kí n wá sọ fún un pé èyí tí kò fún mi ni mo gbé?

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn, Ìyá Onígàárì, tó dàgbà jù nínú kíláàsì, jókòó nígbà tí àwọn yòókù lọ.

“Tíṣà, ìwé wa ńkọ́? Ó ti ku ọ̀sẹ̀ mélòó?”

Irọ́ tí mo ti tò sẹ́nu kò jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan páálí dúdú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìborùn wọn fi já bọ́.

“Èmi yìí, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá ni mo ní. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá síbí, ìwé wo lo gbé fún mi?”

“Ìwé Kìíní ni, Ìyá.”

“Ṣé mo ní o bú mi? Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní kíláàsì kẹta fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó rí i lọ́wọ́ mi. Mo ṣáà ń kà á lọ. Ìwọ náà, lọ gbé Ìwé Kìíní tìẹ, kí àwa lè rí tiwa kà, jàre.”

Ojú tì mí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àmọ́ ó dà bíi pé wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí mi. Ní Sátidé, mo ti síídì kẹta bọ ẹ̀rọ náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Kò pàṣẹ fún mi, ìbéèrè ló ń bi mí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àlejò tó mọ ìwà hù. Ó bi mí pé ìlú wo ni mò ń gbé, ó to orúkọ ìlú lẹ́sẹẹsẹ. Mo rí Èkó níbẹ̀, n kò rí Ìbàdàn. Ìyẹn dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà fún un. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti ń tẹ̀wé lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó rí síídì tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ó rí páálí dúdú lábẹ́ ibùsùn mi, ó kàn wú ikọ́ ni. A yọ ríbọ́ọ̀nù onítàdáwà kúrò kí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ lè gún lẹ́tà sára sítẹ́ǹsù, bébà onída tí a fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé, mo fi ọwọ́ fi àmì sí orí àti ìdí àwọn lẹ́tà, a sì lọ fi ẹ̀rọ ìdàkọ yí i jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Ojú ewé méjìlá, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ìyá náà ni mo kọ sínú rẹ̀: bí a ṣe ń bẹ́ ẹ̀gẹ́, bí a ṣe ń rín in, bí a ṣe ń din ín.

Lọ́jọ́ tí alábòójútó padà wá, ó ní kí ẹnì kan kà fún òun. Ìyá Onígàárì dìde. Wọ́n fi ìka tẹ̀lé ìlà, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, títí wọ́n fi kan èyí tó há. Alábòójútó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, Ìyá na ọwọ́ sókè.

“Ẹ má bá mi kà á.”

Wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó, wọ́n sì kà á. Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, àwọn ará ọ̀nà yà wá wò ó bóyá ìyàwó ni à ń gbé. Wọn kò ti kíláàsì wa pa.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbé láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ wá bá mi pé irú Linux wo ni àwọn lè fi sí i. Bí mo bá dárúkọ èyí tó rọrùn, mo máa ń rí i tí ojú wọn ń yẹ̀, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín sínú. Ìyá Onígàárì ti lọ, wọ́n dàgbà, wọ́n gbó. Nígbà tí mo lọ kí àwọn ọmọ wọn, wọ́n mú ìwé àdúrà tí ìyá wọn ń kà láràárọ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé jáde fún mi. Orúkọ Ìyá wà níwájú rẹ̀, Ìyá fúnra wọn ló fi bírò kọ ọ́, ó wọ́ díẹ̀, ó sì dúdú dáadáa. Mo di ìwé náà mú fún ìgbà pípẹ́. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo èyí lọ́wọ́ Ìyá, nítorí pé ojú ń tì mí láti jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.