Ẹ̀rọ Ìgégi Bàbá Mi àti Gbólóhùn Tí N Kò Mọ̀

Láàárọ̀ àná, àwọn òṣìṣẹ́ kan wá gé igi mángòrò tó ti na ẹ̀ka lé wáyà iná lẹ́yìn ilé mi ní Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò. Bí wọ́n ṣe ṣí epo ẹ̀rọ ìgégi wọn, òórùn rẹ̀ wọlé bá mi nídìí kọfí mi: bẹntiróòlù tí àwa ń pè ní ẹsáàǹsì, tó pò mọ́ òróró. Lójú ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, òórùn tó ń ba aṣọ tí a sá jẹ́ ni. Lójú tèmi, òórùn ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni.

Abúlé wa kò jìnnà sí Datcha, ṣùgbọ́n inú igbó ni ọ̀nà tó so wá mọ́ títì gbà kọjá. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, igi á máa wó dí i. Àwọn ìyá wa á ru iṣu, wọ́n á fi ẹsẹ̀ kan gun igi tó wó, wọ́n á máa fi èkejì wá ilẹ̀ ní òdìkejì. Ọdún tí ìyá mi ṣubú bẹ́ẹ̀ tí apá rẹ̀ sì dá ni bàbá mi sọ pé ẹ̀rọ ìgégi ni òun máa fi owó òwú ọdún náà rà.

Èmi ló mú lọ sí Atakpamé, nítorí pé èmi nìkan ló ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nínú ilé wa, èdè Faransé ni wọ́n sì ń fi kọ ìwé ẹ̀rọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Alájì tó ń tà á. Yorùbá tirẹ̀ àti èdè Ifẹ̀ tí àwa ará Atakpamé ń sọ dà bí ọmọ ìyá kan náà tí wọ́n tọ́ nílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bàbá mi á sọ̀rọ̀, Alájì á rẹ́rìn-ín, Alájì á fèsì, bàbá mi náà á rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Ẹ̀rọ ńlá kan tí irin rẹ̀ gùn tó apá àgbàlagbà ló wọ bàbá mi lójú. Alájì bi í léèrè irú igi tó fẹ́ gé, àti bí ibẹ̀ ṣe jìn tó. Lẹ́yìn náà, ó ní kó gbé ẹ̀rọ náà dání kí àwọn jọ máa sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ òwú. Kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ àna, apá bàbá mi ti ń gbọ̀n.

“Bàbá, ẹ gbé e sílẹ̀,” ni Alájì wí. “Tí ẹ̀rọ bá ti wúwo ju apá ẹni lọ, ẹsẹ̀ ẹni ló máa gé. Ẹ mú èyí tó kéré yìí, tí ẹ máa rí ẹ̀yà rẹ̀ rà lọ́dọ̀ mi nígbàkigbà.”

Ó fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń po epo rẹ̀, ṣùgbọ́n takisí Datcha ti ń fọn fèrè. Bàbá mi ní kò sí wàhálà, ọmọbìnrin òun á kà á fún òun.

Nílé, ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ lé e, gbogbo abúlé sì pé jọ. Mo kàwé náà pẹ̀lú ohùn àlùfáà. Mo ka bí ẹ̀wọ̀n eléyín rẹ̀ kò ṣe gbọdọ̀ le jù tàbí kó dẹ̀ jù. Mo ka bí a ṣe ń gbọn eruku kúrò níbi tó fi ń mí. Ìgbà tí mo dé ibi ẹsáàǹsì àti òróró, mo bá gbólóhùn kan pàdé tí n kò mọ orí rẹ̀, n kò mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo ojú ń wò mí. Mo ní ìwé sọ pé kí òróró má ṣe kan ẹsáàǹsì rárá.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ náà gé igi àkọ́kọ́ bí ẹni gé iṣu, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Lórí igi kejì, ohùn rẹ̀ yí padà, ó rú èéfín, ó sì dákẹ́. Bàbá mi fa okùn rẹ̀ títí, kò dáhùn. Ó jókòó sórí igi náà, ó ní bóyá ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ ni Alájì tà fún òun. Kó tó di ọjọ́ kẹta, olè ni gbogbo abúlé ń pe Alájì.

Bí bàbá mi ṣe ń di ẹ̀rọ mọ́ kẹ̀kẹ́ láti lọ bá Alájì jà, mo di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú.

“Bàbá, n kò mọ ohun tí ìwé yẹn wí. Mo kàn sọ ọ́ lásán ni.”

Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà ti ògiri. “Ìyá mi,” ló wí, “kò burú pé o kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ Alájì ti bàjẹ́. Lọ tún un ṣe.”

Mo lọ láti ilé dé ilé, mo ń sọ pé èmi ni mo purọ́ ohun tí ìwé wí, pé Alájì kì í ṣe olè. Ìyá àgbà kan tí etí rẹ̀ wúwo ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ fi gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn náà, èmi àti bàbá mi gbé ẹ̀rọ náà lọ bá Alájì. Ó tú u, ó ní ká ní a gé igi kan sí i ni, ìsìnkú rẹ̀ là bá ṣe. Ó tún un ṣe. Ó wá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó da òróró díẹ̀ sínú ẹsáàǹsì lójú mi, ó ní kí n mì ín. Ó kọ́ mi láti fi líìmù, irin ìpọ́n tó rí roboto, pọ́n eyín ẹ̀wọ̀n náà: iwájú nìkan ni a ń tì í sí, iye tí a bá sì tì í lórí eyín kan ni a máa tì í lórí gbogbo wọn. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń pọ́n, bàbá mi ni ó ń gé. Kí òjò tó dá, ọ̀nà ti là. Mo rí ìyá mi tó ru iṣu lọ sí títì láìgun igi kankan, apá tó dá náà ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá mi ti dolóògbé. Àwọn igi ńlá ti tán nínú igbó náà, n kò sì lè purọ́, irú ẹ̀rọ tiwa wà lára ohun tó jẹ wọ́n. Igi tíìkì tí wọ́n gbìn ló tò sí ibẹ̀ báyìí bí ọmọ ilé ìwé. Alùpùpù ń sáré lórí ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n iṣu ṣì ń gba ibẹ̀ dé ọjà.

Nígbà tí Kérésìmesì tó kọjá ku ọ̀sẹ̀ méjì, mò ń lọ sí abúlé, mo sọ̀ kalẹ̀ ní títì, mo ní ẹsẹ̀ ni n ó fi rìn. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń ti ilé ìwé bọ̀ bá mi lọ́nà, wọ́n kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n gba báàgì mi. Ọ̀kan bi mí bóyá mo mọ ọ̀nà.

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.