Bí Cornelius Ṣe Bo Omi Bí Ẹni Bo Kòkó

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìnkùlé Cornelius kọjá ní Iléṣà láàárọ̀ kùtù, nígbà tí kùrukùru ṣì ń rìn lórí páànù, ẹ óò bá bàbá náà níbi tó ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ara ọpọ́n omi ńlá kan, tó dijú. Ẹ má rò pé orí rẹ̀ dàrú o. Ìyàwó rẹ̀ ló ń rò.

Àgbẹ̀ kòkó ni Cornelius ní Ifẹ̀wàrà títí eegun ẹ̀yìn fi ní kó wá jókòó sílé. Phebe aya rẹ̀ ní tirẹ̀, orin ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bó bá ń gbálẹ̀, á máa kọrin lábẹ́ ọ̀fun. Bó bá ń yan ẹ̀pà, orin náà ni. Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe kọlù ú lọ́dún tó kọjá. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kọ̀ kò rìn mọ́, orin náà sì dákẹ́. Omi gbígbóná nìkan ni ẹsẹ̀ yẹn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bó bá ti wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ ìka á máa mira díẹ̀díẹ̀, ojú Phebe á sì lọ jìnnà. Ìdí nìyẹn tí Ìníolúwa, ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Àbújá, fi ra ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá tó ní hítà nínú ránṣẹ́ sí wọn.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Ọpọ́n ọ̀hún ń jẹ iná bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé. Wọn ò ní tíì ra yúnìtì sínú mítà tán tí mítà á tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí iná bá sì lọ, omi á tutù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìníolúwa pè wọ́n lórí fóònù. "Bàbá, bí omi yẹn ò bá lè dúró ní gbígbóná, mo máa wá mú Màmá lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹsẹ̀ níbí."

"Ó dáa," ni Cornelius wí. Kò dáa rárá. Ta ni òun yóò bá jókòó nínú ilé yẹn?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó ti omi tútù, ọkàn rẹ̀ sì rọra bá ọ̀nà oko lọ. Ó rí ara rẹ̀ lọ́dọ̀ọ́, ó rí òkìtì kòkó tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nísàlẹ̀, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lókè, àpò lórí gbogbo rẹ̀. Ó rí Phebe, ọmọge tó gbé oúnjẹ wá nínú ọyẹ́, tó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé, tó sì fà á yọ kíá. "Ta ló dáná síbẹ̀?" Kò sẹ́ni tó dáná. Wọ́n kàn bò ó kí ooru rẹ̀ má baà jáde ni.

Cornelius dìde dúró. "A ò bo omi!"

Nígbà wo ni ẹnikẹ́ni nínú ìdílé rẹ̀ bo omi ìwẹ̀ rí? Omi ìwẹ̀ wọn a máa kúrò lórí iná ní gbígbóná, ó di ara, ó tán. Wọ́n rò pé hítà ló ni gbogbo iṣẹ́.

Ó pe Micah káfíńtà pé kó kan ọmọrí onípákó tó pín sí méjì. Wọ́n fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ sábẹ́ ọmọrí, wọ́n fi òmíràn yí ọpọ́n ká, wọ́n fi ọ̀rá wé e, Cornelius sì fi àpò kòkó bo gbogbo rẹ̀. Phebe ń wò wọ́n lórí àga.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá Ìní. Àbí ẹ fẹ́ tà mí fún àwọn tó ń ra kòkó ni?"

Síbẹ̀ omi ń tutù. Cornelius fúnra rẹ̀ ló fà á: ó ń ṣí i wò ṣáá, bí ó ti ń ki ọwọ́ bọ òkìtì kòkó láyé àtijọ́. Phebe rí i, ó fi apá kan ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ kó tutù. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀."

Ó le fún un. Láti ìgbà náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ló ń fi kan àpò níta. Bí àpò bá tutù, a jẹ́ pé ooru kò jáde, inú ló ṣì wà.

Ní Sátidé, Ìníolúwa dé pẹ̀lú báàgì òfìfo tí yóò kó aṣọ ìyá rẹ̀ sí. Iná ti lọ láti àárọ̀ Fúráìdé. Ọwọ́ Cornelius lọ sí ọmọrí. Phebe dì í mú.

"Ẹ jẹ́ kó wà. Ẹsẹ̀ mi ni yóò kọ́kọ́ mọ̀."

Wọ́n gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n, wọ́n sì gbé ọmọrí kúrò. Ooru gbé òórùn àpò kòkó dìde sí wọn. Phebe ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Cornelius kò lè wò ó; páànù ló tẹjú mọ́.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ, lábẹ́ ọ̀fun, kò dán tó ti tẹ́lẹ̀: orin náà ni. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Ìníolúwa ti ọwọ́ bọ omi, ó sì pẹ́ kó tó yọ ọ́. Ó gbé báàgì òfìfo náà kúrò lọ́nà, ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí ọmọrí mú.

"Bàbá, ẹ bá mi gbé apá ọmọrí kan yìí padà sórí omi. Ooru ń jáde."