Irin Kẹta Nínú Àpótí Yaqub

Rọ̀kíbátù lorúkọ ìyá mi. Ọmọ Wásinmi ni, nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹja ló ń yan tà ní Ṣómólú. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ohun tó ṣe lálẹ́ Iléyá, lọ́dún tí ìjọba ṣọ́jà gbé Sáàpù dé, ètò tó sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n. Tí mi ò bá kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́.

Bàbá rẹ̀ a máa lu agídìgbo. Ìyá mi kò lù ú rí, ṣùgbọ́n òun ni bàbá rẹ̀ máa ń pè pé, "Rọ̀kíbá, wá gbọ́ irin yìí fún mi." Ó gbé etí yẹn wá sí Èkó. Tó bá dúró létí ọ̀sà Bàrígà láàárọ̀, tí ọkọ̀ àwọn Ìlàjẹ tó ń kó ẹja wá ń bọ̀ lókèèrè, ìró ẹ́ńjìnnì ló fi ń mọ ọkọ̀ ẹni tó jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi Yaqub ń ṣe iṣẹ́ jórinjórin ní Fọlá Agoro. Ó kan agídìgbo tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Àpótí pákó ni, ó lókùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́rùn, irin márùn-ún wà lójú rẹ̀. Ayùn tó ti kú ló gé ṣe irin náà. Ìyá wa gbọ́ ọ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Lálẹ́ Iléyá, òun àti ẹgbẹ́ wéré rẹ̀, àwọn tó ń kọrin jí wa sí sààrì nígbà ààwẹ̀, a máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n á kí onílé, onílé á fún wọn lẹ́ran.

Yaqub kú lóṣù kẹrin ọdún yẹn. Ibà ni. Ní ọsibítù, wọ́n kọ oògùn sínú ìwé, wọ́n ní ká lọ wá a níta. A wá a dé Múṣin. Ìgbà tá a fi rí i, kò wúlò mọ́.

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Kò yan ẹja. Àwọn oníbàárà wá títí, ó sú wọn. Àpótí Yaqub wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti sin ẹnì kan. Mi ò fẹ́ sin ẹnì kejì.

Nígbà tí Iléyá dé, ojúlé méje ló para pọ̀ pa àgbò kan ládùúgbò wa. Ìyá Fadékẹ́, onígbàgbọ́ tó ń gbé yàrá kejì, ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀.

"Tẹ́lẹ̀, itan lẹ fi ń ránṣẹ́ sí mi. Lọ́dún yìí, ṣé ìrù ló kàn mí?"

"Ojúlé mẹ́ta ló ń du ìrù yẹn, mà," mo fèsì.

Ìyá mi gbọ́, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà kan, òun ni ì bá dáhùn.

Nírọ̀lẹ́, Bọ́lárìnwá tó ń kọrin fún ẹgbẹ́ wéré wá bá mi. "Hashim, a ò lè jáde láìsí agídìgbo. Agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan, àfi bíi pé à ń lé adìyẹ."

"Mi ò mọ̀ ọ́n lù."

"Ọdún mẹ́fà lo fi jókòó ti Yaqub. Kí lò ń wò nígbà náà?"

"Ẹran ni mò ń wò."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Mo ní tí ìyá mi bá gbọ́ àpótí náà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, bóyá á jáde. Ohun tí mo fẹ́ ò ju ìyẹn lọ. Nígbà tó ń kírun lọ́wọ́ ní pálọ̀, mo wọ yàrá rẹ̀, mo fa àpótí náà jáde, mo gba ẹ̀yìn lọ bí olè.

A bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ àdúgbò. Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án, iná ti lọ, àtùpà wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo. Òórùn ẹran díndín gba ìta kan. Àwọn àgbà obìnrin gbé àpótí ìjókòó síta, wọ́n ń mi èjìká. Inú èmi náà dùn díẹ̀, ojú sì tì mí pé ó dùn. Àfi bí ẹgbẹ́ kan láti Bàrígà ṣe pàdé wa.

"Ẹ̀yin ará Ṣómólú, ṣé agídìgbo lẹ gbé ni àbí àpótí bàtà?"

"Má dá wọn lóhùn," Bọ́lárìnwá sọ fún mi. "Àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ."

A dé iwájú ilé wa. Bọ́lárìnwá kí ìyá mi láti ìta bó ṣe ń kí i lọ́dọọdún: Ìyá Yaqub, ẹ kú ọdún, ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ ẹ̀. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Mo ta irin. Mo tún un ta. Ó burú ju ti àkọ́kọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá mi dúró níbẹ̀, ìborùn ìrun ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ta ló gbé e?"

"Èmi ni, mà." Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àpótí ọrùn mi ò jẹ́.

Ó sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn kan. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní èkejì. Ó ti dé ìta. Kò jọ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀.

"Irin kẹta ti yọ síta. Láti ìsàlẹ̀ àdúgbò ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo ní ẹ máa gbọ́ fúnra yín. Ṣé ẹ ò létí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ létí, mà," Bọ́lárìnwá ní.

"Pa ẹnu ẹ dé. Ẹ fún mi ní nǹkan tó wúwo."

Ìyá Fadékẹ́ sáré gbé ọmọ ọlọ wá. Ìyá mi gbá irin náà wọlé díẹ̀, ó ta á. Ó gbá a, ó ta á. Omi ń jáde lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Lẹ́ẹ̀kẹfà, irin náà dún bó ṣe ń dún lọ́wọ́ Yaqub. Èmi náà gbọ́ ọ.

"Ó yá, máa lù ú. Má sáré."

Mo lù ú. Kò dára, ṣùgbọ́n kò burú mọ́. Nígbà tá a fẹ́ lọ, ó tẹ̀ lé wa, tòun ti ọmọ ọlọ lọ́wọ́. Ó ní irin yẹn á tún yọ, ta ló máa gbá a fún wa?

Ní Onípanu, ṣọ́jà méjì dá wa dúró. Ọ̀kan wo ọwọ́ ìyá mi. "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi òkúta ṣe?"

"Ọmọ ọlọ ni. Agídìgbo ni mo fi ń tún ṣe. Ẹ kú ọdún, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹ ti jẹran?"

Wọn ò tíì jẹ. Ó bù fún wọn nínú abọ́ ẹran tí àwọn onílé fún wa. Wọ́n ní ká lù ú káwọn gbọ́, ọ̀kan nínú wọn jó pẹ̀lú ìbọn léjìká.

Nígbà tá a ń padà, ìyá mi ní, "Hashim, jí mi ní kùtùkùtù. Ọkọ̀ Ìlàjẹ kì í dúró de èèyàn."

Mo jí láago márùn-ún láti jí i. Agbọ̀n ẹja rẹ̀ ti kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.