Bàbá Géètì Rán Aṣọ Ọdún fún Alángbá Mi

Ẹ gbà mí o, ẹ̀rín fẹ́ pa mí ní àdúgbò Ọgbà lónìí!

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé alángbá ni mò ń lé kiri, ẹ wá gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú alángbá mẹ́rìnlá lára ògiri ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan fún iṣẹ́ ìwádìí mi. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sẹ́yìn wọn, mo tú wọn sílẹ̀. Lónìí ló yẹ kí n tún mú àwọn mìíràn. Iye tó bá ní pupa nínú wọn ni mo máa fi ṣírò gbogbo alángbá ibẹ̀.

Mo débẹ̀. Búlúù ni mò ń rí lẹ́yìn wọn!

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ń rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, mo ti bá ẹ ṣe èyí tó kù. Ṣé wọ́n ń rán aṣọ ọdún fún ọmọ kan, kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀ ni? Kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó mi ni, má sọ fún un o."

"Bàbá, ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́! Àwọn tó ní pupa ńkọ́?"

"Mo mú àwọn náà. Wọ́n ti wọ aṣọ méjì."

Ó nawọ́ sí ògiri. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà kan fún alángbá kọ̀ọ̀kan: ti gbogbo èyí tó mú wà lókè, ti àwọn aláṣọ méjì wà nísàlẹ̀.

Háà! Iṣẹ́ tí mo wá ṣe gan-an nìyẹn: iye tó mú, àti iye tó ti ní pupa nínú wọn! Mo fò mọ́ Bàbá.

Lóṣù tó ń bọ̀, a máa wo àwọn tó ṣì wà láyé. Bàbá ń bi mí pé aṣọ aláwọ̀ wo la tún máa rán fún wọn.

Ẹ dìbò!